Iná Aláwọ̀ Ewé Lẹ́yìn Kọ̀ǹpútà Nortey

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá wù kó pè mí ní òpùrọ́. Wọ́n ti pè mí bẹ́ẹ̀ láti Kútọnu dé Àbíjàn, kò sì pa mí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi yìí ló ki káàdì náà bọ inú kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ mi yìí ló de súkúrù rẹ̀. Ojú mi yìí ló rí iná náà. Mi ò mutí lọ́jọ́ náà. Mi ò tíì jẹun pàápàá.

Kpone ni, létí òkun, nítòsí Tema ní Gánà. Mo ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ mi mọ́. Alátà ni wọ́n ń pè mí, bí wọ́n ti ń pe gbogbo ọmọ Yorùbá tó bá darúgbó sí wọn lọ́wọ́. Mo ń tú kọ̀ǹpútà àlòkù tí wọ́n ń já sílẹ̀ ní èbúté Tema. Mo ń yọ èyí tó ṣì dáa lára èyí tó ti kú, mo sì fi ń tún tàwọn èèyàn ṣe. Fóònù tó ń gba àwòrán kò tíì dé ọwọ́ gbogbo ayé nígbà náà.

Nortey wá jí mi láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Òun ló ń tẹ pósítà òkú ní Kpone. Wọn kì í sìnkú níbẹ̀ láìsí pósítà. Ojú olóògbé gbọ́dọ̀ wà lára ògiri, lára òpó iná, lára ilẹ̀kùn ilé ọtí, kí àlejò tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé.

“Alátà, dìde. Àrá ti pa kọ̀ǹpútà mi.”

“Àrá ò mọ ilé ẹlòmíràn ni?”

“Bóyá òun náà fẹ́ tẹ pósítà. Dìde jọ̀ọ́. Ataa Lante ti jókòó tì mí láti ìdájí, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo jẹ ẹja rẹ̀.”

Mo gbé àpò irinṣẹ́ mi, a lọ.

Kọ̀ǹpútà náà ò kú. Káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ nìkan ló kú. Wáyà kan wá láti ilé íntánẹ́ẹ̀tì tó wà lódìkejì títì, ó gba orí òrùlé, ó wọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Ara wáyà yẹn ni àrá tọ̀ wọlé lálẹ́ àná. Wáyà ọ̀hún ti yọ́. Káàdì tó kì bọ̀ ti dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Láìsí káàdì, kò sí àwòrán tó lè ti òkè òkun wọlé. Àwòrán kan tó wà lókè òkun sì ni gbogbo wọn ń dúró dè.

Àwòrán Sowah ni.

Sowah jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n Ataa Lante. Apẹja ni. Ó ti lọ sójú òkun nígbà ọyẹ́, òun nìkan, nínú ọkọ̀ kékeré kan. Kò padà. Ọkọ̀ ò padà. Àjẹ̀ tó fi ń wakọ̀ náà ò fojú hàn. Òjò àkọ́rọ̀ ti wá ń rọ̀ báyìí. Àwòrán rẹ̀ tó dáa jù wà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, Ayitey, tó ń ṣiṣẹ́ ní Hamburg.

Ataa Lante, àgbà agboolé wọn, tí irun rẹ̀ ti funfun, jókòó sórí àga onírin, ó fi aṣọ bo èjìká kan. Ohùn rẹ̀ máa ń gbọ̀n bó bá ń sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbọ̀n.

“Alátà, ṣé o lè ṣe é lónìí?”

“Màá gbìyànjú, Ataa.”

“Ẹ má gbìyànjú púpọ̀.”

Obìnrin ló sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn mi. Ashorkor ni, ìyàwó Sowah. Kò wọlé, kò sì dúró síta. Ẹnu ọ̀nà gan-an ló jókòó sí. Ẹja yíyan ni iṣẹ́ rẹ̀, èéfín sì ń rùn lára aṣọ rẹ̀.

Ataa Lante ò wò ó. “Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, wọ́n máa fòfin de ariwo. Látọjọ́ náà títí di ọdún Homowo, kò sí ìlù, kò sí ẹkún, kò sí ìsìnkú. Bí a ò bá ṣe é ní Sátidé yìí, ọmọ náà á tún wà níta títí òjò á fi tán. Mi ò fẹ́ kó wà níta mọ́.”

“Ta ló sọ fún yín pé ó wà níta?” Ashorkor bi í.

“Ashorkor.”

“Mo ní ta ló sọ fún yín?”

Ohun tó ń bà á lẹ́rù yé gbogbo wa. Lágboolé tiwọn, bí wọ́n bá sin ẹni tí òkun gbé, aṣọ rẹ̀ ni wọ́n ń sin. Wọ́n á wá kan ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ pa. Bó bá padà dé lọ́jọ́ kan, wọn ò ní ṣí i fún un. Wọ́n á ní òkú ni. Wọ́n á sọ ọ́ lójú rẹ̀, wọ́n á sì kẹ̀yìn sí i.

Gbogbo Kpone sì mọ̀ pé Ashorkor kì í ti ilẹ̀kùn yàrá náà látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti lọ. Ìjì ń jà, òjò ń rọ̀, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Ewúrẹ́ ń wọlé, wọ́n ń jáde. Nortey fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà pa á lẹ́rìn-ín díẹ̀.

“Ashorkor, ìgbà wo lo máa gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn ewúrẹ́ yẹn?”

“Ìgbà tí ìwọ bá san tìrẹ.”

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín.

Mo tú ìdérí kọ̀ǹpútà náà. Eruku wà níbẹ̀, àti ẹyin ọmọńlé méjì. Mo fọwọ́ kan irin ara rẹ̀ kí iná tó bá wà lára mi lè bọ́ lọ. Mo yọ káàdì tó jóná. Òórùn rẹ̀ gba inú ṣọ́ọ̀bù.

Káàdì kan ṣoṣo ni mo ní lọ́wọ́. Inú kọ̀ǹpútà kan tó wá látinú ọkọ̀ òkun tí wọ́n ń tú ní Tema ni mo ti yọ ọ́. Iyọ̀ ti funfun sí etí irin rẹ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti epo bẹntiróòlù fọ̀ ọ́ títí gbogbo eyín rẹ̀ fi dán. Mo gbé e sójú àlàfo rẹ̀, mo fi àtàǹpàkò méjì tẹ̀ ẹ́. Ó wọlé. Ó dún kọ́. Mo de súkúrù rẹ̀.

Mo tan kọ̀ǹpútà. Ó rí káàdì náà, ó ń béèrè irú ẹni tó jẹ́. Mo fi àwo síídì tó ń ṣàlàyé rẹ̀ sí i lẹ́nu. Ó ń kà á díẹ̀díẹ̀. Nortey ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Èmi bẹ̀rẹ̀ lọ sẹ́yìn láti ki wáyà tuntun bọ̀ ọ́.

Wáyà tuntun náà wà nílẹ̀, ní kíká. Okùn tí wọ́n fi dì í láti ọjà ṣì wà lára rẹ̀. Mo mú un lọ́wọ́, mi ò tíì tú u. Ẹnu rẹ̀ méjèèjì ṣófo.

Iná méjì ló máa ń wà lẹ́yìn irú káàdì bẹ́ẹ̀. Aláwọ̀ ewé máa ń tàn bí wáyà bá ti kan ẹni tó wà lódìkejì. Èkejì, tó pọ́n bí epo, máa ń ṣẹ́jú bí nǹkan bá ń kọjá. Bí kò bá sí wáyà, kò sí iná. Kò sí báyìí-bọ́hùn-ún níbẹ̀.

Aláwọ̀ ewé tàn.

Mo wò ó. Mo fi ìka sínú ihò tí wáyà ń gbà wọlé. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó tutù. Ìka mi jáde pẹ̀lú omi.

Èkejì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú.

“Alátà, o káre,” Nortey wí lókè. “Àwòrán ti ń wọlé.”

“Wáyà wà lọ́wọ́ mi.”

“Kí lo wí?”

“Mo ní wáyà wà lọ́wọ́ mi, Nortey.”

Mo dìde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Wọn kì í pẹja lọ́jọ́ yẹn létí òkun wọn. Ọjọ́ òkun fúnra rẹ̀ ni. Gbogbo ọkọ̀ sùn sórí yanrìn. Kò sí ẹ́ńjìnnì, kò sí orin afàwọ̀n. Mo ti mọ ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun dáadáa. Ṣùgbọ́n a máa ń gbọ́ ìgbì. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà mi ò gbọ́ ìgbì. Mo tẹ́tí. Abẹ̀bẹ̀ inú kọ̀ǹpútà nìkan ló ń dún.

Àwòrán náà ń bọ̀ láti òkè wálẹ̀. Ojú ọ̀run kọ́kọ́ yọ, ó funfun. Irun yọ. Iwájú orí yọ. Ojú méjì yọ, wọ́n ń wò wá. Imú. Irùngbọ̀n púpọ̀. Ẹnu tó pa dé. Lẹ́yìn náà ni ọrùn, àti èjìká ẹ̀wù búlúù kan tó ní ìlẹ̀mọ́ pupa.

Ashorkor ti dìde lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò mọ ìgbà tó dé ẹ̀gbẹ́ mi.

“Sowah ò ní irùngbọ̀n,” Nortey wí.

“Èmi ni mo rán ìlẹ̀mọ́ yẹn,” Ashorkor wí. “Nígbà tó ku ọ̀la kó lọ ni mo rán an. Ẹ̀wù tó wọ̀ lọ nìyẹn.”

“Bóyá irú rẹ̀ wà ní Hamburg,” mo ní.

“Bàbá Alátà, ṣé ìlẹ̀mọ́ tí mo fi ọwọ́ mi rán ni irú rẹ̀ wà ní Hamburg?”

Mo tún wo ìlẹ̀mọ́ náà.

“Ayitey ló fi ránṣẹ́,” Ataa Lante wí látorí àga rẹ̀. Kò dìde wá wò ó. “Ẹ tẹ̀ ẹ́.”

“Ataa…”

“Nortey, mo ní kí o tẹ̀ ẹ́.”

Nortey tẹ̀ ẹ́. Kò kọ orúkọ sí i, kò kọ ọjọ́ ìsìnkú sí i. Ojú náà nìkan ló tẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ ìwé jáde. Íǹkì kì í tètè gbẹ létí òkun, nítorí náà ilẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ́ pósítà sí kó lè gbẹ. Mo ń gbà á lọ́wọ́ ẹ̀rọ, mo ń tẹ́ ẹ lọ ní ìlà kan, láti ẹsẹ̀ tábìlì títí dé ẹnu ọ̀nà.

Mi ò wo èyí àkọ́kọ́ dáadáa. Mi ò wo ìkejì. Ìgbà tí mo na ẹ̀yìn ni mo bojú wolẹ̀.

Ẹnu rẹ̀ pa dé nínú àkọ́kọ́. Ó là díẹ̀ nínú ìkejì. Nínú èyí tó tẹ̀lé e, ètè rẹ̀ fẹ̀ sẹ́yìn.

“Nortey.”

“Íǹkì ló ṣàn.”

“Íǹkì kì í yanu.”

Àwòrán kan náà ni. Ojú kan náà, ìlẹ̀mọ́ kan náà, ojú ọ̀run funfun kan náà. Ẹnu nìkan ni kò jọra. Nortey na ọwọ́, ó pa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Ashorkor bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà. Ó ń rìn lọ́ra. Bó bá dé iwájú ìwé kan, á dúró, á wo ẹnu náà, á ṣe ẹnu tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò kọ́kọ́ sí ohùn. Ètè nìkan ló ń lọ. Ó dé ìparí, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó tún rìn ín. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ohùn jáde.

“Má ti ilẹ̀kùn.”

Ó sún síwájú.

“Mi ò ní pẹ́.”

Ìwé tán níbẹ̀.

Ó yíjú sí wa. Kò sunkún. “Ohun tó sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nìyẹn. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan rí. Bí mo bá sọ ọ́, ẹ máa sọ pé orí mi ti dà rú.”

Ìgbà yẹn ni Ataa Lante dìde. Ó wá, ó dúró lórí àwọn ìwé náà. Ó pẹ́ tó ti ń wò wọ́n.

“Àwọ̀n mi ló lọ kó,” ó wí.

A ń wò ó.

“Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Àwọ̀n ti sùn sómi láti àná ọjọ́ náà. Ó ní kí a fi í sílẹ̀ di ọjọ́rú. Mo ní wọ́n á jí i. Mo ní kíkó àwọ̀n kì í ṣe ẹja pípa. Mo ní kó tètè lọ, kó tètè bọ̀.” Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n gan-an. “Èmi ni mo rán an.”

Ashorkor ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

“A ò ní sìnkú kankan,” Ataa Lante wí. “A ò ní kan ilẹ̀kùn yẹn.”

Ó tẹ̀ba, ó kó gbogbo ìwé náà bí íǹkì ò tilẹ̀ tíì gbẹ, ó fi aṣọ rẹ̀ bò wọ́n, ó jáde.

Nortey sọdá títì lọ tẹ Ayitey láago. Ó pẹ́ kó tó padà. Ó ní Ayitey wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní àwòrán Sowah ṣì wà nílé, nínú férémù. Kò tíì fi nǹkan kan ránṣẹ́.

Nígbà tí mo wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, iná ti kú. Mo wá àwòrán náà nínú ẹ̀rọ, mi ò rí i. Ìgbì ti ń dún níta.

“Yọ káàdì yẹn,” Nortey wí.

Mo yọ ọ́. Mo fi aṣọ wé e. Ọjọ́ kejì, ó wá bẹ̀ mí kí n dá a padà. Gbogbo ẹni tó lókùú ló fẹ́ sin ín kí òfin tó dé, wọ́n tò sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí ẹni tó ń ra ẹ̀kọ kẹ́ńkè. Mo dá a padà. Mo ki wáyà bọ̀ ọ́, ó sì ṣiṣẹ́ bíi káàdì yòókù. Àwòrán Ayitey wọlé. Sowah wọ kóòtù àyálò, ó fá irùngbọ̀n, ẹnu rẹ̀ pa dé. Kò sẹ́ni tó ní kí a tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Ajé dé. Wọ́n fòfin de ariwo.

Ẹni tí kò bá tíì gbé ibẹ̀ lásìkò yẹn ò mọ bí ìlú ṣe ń dákẹ́. Rédíò ń sọ̀rọ̀ bí aláìsàn. Ṣọ́ọ̀ṣì ń kọrin láìpàtẹ́wọ́. Ìyá ń fi ìka bo ẹnu ọmọ tó bá fẹ́ ké. Wọ́n ń jà pàápàá, ohùn ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi ń bú ara wọn.

Láti ọjọ́ tí Ataa Lante ti kó àwọn ìwé náà lọ, ẹnu ọ̀nà yàrá Sowah ló ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́. Ó kọjú sí òkun. Ashorkor ń gbé oúnjẹ fún un. Ó ń jẹ díẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, oòrùn ti wà lókè dáadáa. Mo ń bọ̀ láti ibi omi ẹ̀rọ, mo gba iwájú ilé wọn. Ataa Lante ti dìde. Ó ti bọ́ aṣọ rẹ̀ sórí àga. Ṣòkòtò péńpé apẹja ló wọ̀. Àjẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ataa, ibo lẹ ń lọ?” Mo sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ nítorí òfin. “Ìṣẹ́gun lòní.”

Ó wò mí. Ó yíjú wo ilẹ̀kùn yàrá náà.

“Má ti ilẹ̀kùn,” ó wí. “Mi ò ní pẹ́.”

Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n.

Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sétí òkun. Ọkọ̀ kékeré kan wà níbẹ̀ tí ọkùnrin mẹ́ta tó lágbára máa ń tì kó tó kúrò lójú kan. Ó fọwọ́ kan ṣoṣo tì í. Ọkọ̀ náà wọ omi.

Àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe lórí yanrìn dìde. Wọ́n ń pọ̀ sí i. Kò sẹ́ni tó pariwo. Òfin wà nílẹ̀. Ọkùnrin kan sáré dé ibi tí omi ti bo orúnkún rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ẹnu rẹ̀ là, ohùn ò jáde. Obìnrin kan ti gé aṣọ rẹ̀ jẹ. Èmi tí mo jẹ́ àlejò, tí òfin wọn ò mú, mo yanu pé kí n pè é. Ohùn tèmi náà ò jáde. Títí dòní mi ò mọ ẹni tó gbà á lẹ́nu mi.

Kò wàjẹ̀ rárá. Àjẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Ọkọ̀ ń lọ.

Ìkùukùu sọ̀kalẹ̀ sójú omi, ó gbé e.

A ṣì dúró níbẹ̀ nígbà tí Nortey dé. Kò sáré. Ó ń rìn bí ẹni tó ń rìn lójú oorun. Ó dì mí lápá.

“Iná yẹn ti tàn.”

“Ṣé wáyà wà lára rẹ̀?”

“Mo ti yọ wáyà láàárọ̀. Mo rò pé òjò máa rọ̀.”

“Àwòrán ń wọlé?”

“Ó ń wọlé. Ó lọ́ra. Irun nìkan ló tíì yọ.”

“Irun ta ni?”

Nortey wo ojú òkun.

“Ó funfun,” ó wí.

Mi ò bá a lọ. Mo lọ kó ẹrù mi. Àpò kan ṣoṣo ni. Mi ò sùn ní Kpone lọ́jọ́ náà, mi ò sì tíì padà síbẹ̀ látìgbà yẹn. Bóyá wọ́n tẹ àwòrán náà, bóyá wọn ò tẹ̀ ẹ́, mi ò béèrè.

Ṣùgbọ́n iwájú ilé wọn ni ọ̀nà ibùdókọ̀ gbà. Ashorkor ti dé láti ibi ààrò ẹja. Eérú wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Aṣọ Ataa Lante ṣì wà lórí àga. Afẹ́fẹ́ òkun ń gbé ilẹ̀kùn náà lọ, ó ń gbé e bọ̀.

“Bàbá Alátà, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.”

“Èmi ni.”

“Kí ló sọ?”

Mo sọ ọ́ fún un bó ṣe sọ ọ́.

“Má ti ilẹ̀kùn. Mi ò ní pẹ́.”